Owó Àlejò

Lórí káńtà tí wọ́n ti ń gba owó ilé-ìwé l'Ógbómọ̀ṣọ́,
òǹtẹ̀ méjì ló wà: "ọmọ ìpínlẹ̀" àti "àlejò".
Ti àlejò ló wúwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Bàbá mi bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:
"Ìjẹrù níbí ni wọ́n bí ìyá ọmọ yìí.
Abẹ́ igi máńgòrò ilé wọn ni wọ́n ri ibi rẹ̀ mọ́."
Akọ̀wé ò gbójú sókè. "Ìwọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?"
Bàbá ní, "Èjìgbò."
Òǹtẹ̀ balẹ̀, gbàm!

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi lò l'Ábíjàn,
tó ń lẹ táyà fún ọmọ onílùú,
tó ń ra káàdì àlejò lọ́dọọdún.
Ìyẹn ò dùn ún. Ó ní ìlú onílùú ni.
Ṣùgbọ́n láti Èjìgbò dé Ògbómọ̀ṣọ́,
ẹ̀pà tí mo rà nínú mọ́tò ò tíì tán tí a fi dé.
Ta ló rí ààlà?
Oko kajú ni mo rí, àti ewúrẹ́ kan
tó dúró, orí lọ́hùn-ún, ìdí níbí,
kò sẹ́ni tó bi í ní ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ọdún kejì ni ìwé àdéhùn jáde:
ìpínlẹ̀ méjèèjì yóò máa pààrọ̀ ọmọ,
ẹni tó bá ń kọ́ ohun tí kò sí nílé
yóò san owó onílé, pẹ̀lú ẹ̀yọ díẹ̀ lórí.
Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ni mò ń kọ́.
Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Fọ́ọ̀mù mẹ́rin, fọ́tò mẹ́fà, ìbúra ní kóòtù;
ẹ̀ẹ̀mejì la ò bá alága kánsù nílé.
Inú láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ni Bàbá kó gbogbo rẹ̀ sí
nítorí òjò.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Gbèsè Ìyá Sílífátù ṣì wà nílẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń fẹ́ táyà,
tó ti ń wá ẹni tí yóò rà á,
ó ti gbé e padà sábẹ́ igi.

Yàrá mi l'Éjìgbò náà ti ní onílé:
Oyègbèmí, ọmọ Tákíé, tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa.
Ìyá mi ní ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n yọ owó fún.
Lánàá ó pè mí lórí fóònù,
"Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ń fi ìṣáná sí nílé yín?"
Mo ní, "Ẹ̀yìn àdògán,
níbi tí ọwọ́ àlejò kì í dé."