Àbúrò Ọ̀gá Thorsager

Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni eré náà,
ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún.
Opó apẹja gbé kọfí kalẹ̀, ó na abọ́ ṣúgà.
Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Thorsager mi orí,
ó ń wá bọ́tìnnì ẹ̀wù òjò rẹ̀,
ó ní, "Àbúrò mi náà kì í fi ṣúgà sí i,"
ó ṣílẹ̀kùn, atẹ́gùn òkun wọlé,
ó di ọ̀dọ̀ òkú tó ń dúró dè é ní èbúté.

Àbúrò wo?
Ní apá kìíní, ó ti sọ fún dókítà pé
"Èmi nìkan ni ìyá mi bí."
Gudrun kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà,
ó fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń pàdé ní Thyborøn,
ní yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta ẹja,
níbi tí òórùn ẹja ti wọ inú àga lọ.
Àwa méje. Tẹlifíṣọ̀n kan.
Bísíkíìtì tí Solvej ń kà kó tó pín in.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí,
tó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.
Èyí dé inú wa, ó di odindi méje,
odindi kan kò sì jọ èkejì.

Solvej ní ẹ̀wọ̀n ni àbúrò náà wà.
Gudrun ní, "Ìyá rẹ̀ ló ní òun nìkan bí.
Ta ló bi í léèrè bàbá?"
Ejvind, akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè:
"Ó ní 'kì í.' Kò ní 'kì í nígbà tó wà láyé.'
Ẹni tó bá ṣì ń kọ ṣúgà, alààyè ni."
A pàtẹ́wọ́ fún un.
Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, Gudrun ní
òun ṣì máa ń sọ pé ọkọ òun kì í jẹ àlùbọ́sà,
ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti sin ín.
Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Èmi? Mo ní àbúrò náà ló pa gbogbo wọn,
láti apá kìíní títí dé apá kẹrin.
Wọ́n ní kí n lọ po kọfí.

Torkild nìkan ni kò sọ nǹkan kan.
Ìgbà òtútù mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń jókòó sí,
ọwọ́ ńlá tó fi ń tún àwọ̀n ṣe lórí orúnkún.

Nígbà tó yá, a kọ lẹ́tà sí òṣèré náà.
Káàdì kan dé láti Copenhagen:
Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Ife náà gbóná.
Mo sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu.
Ẹ ṣeun tí ẹ ń wò wá.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní; bó bá balẹ̀, fífọ́ ni.
Tiwa kò fọ́.
A sàba lé e lórí fún odidi ọdún mẹ́rin,
ìgbà tí a wo abẹ́ wa, òkúta ni.
Ejvind nu gíláàsì rẹ̀, ó tún un nù.

Solvej ti ń ká wáyà tẹlifíṣọ̀n
nígbà tí Torkild la ẹnu,
ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn ilé yìnyín tí a kì í sábà ṣí:
"Ẹ dá a padà sẹ́yìn."

A dá a padà.
Opó na abọ́. Thorsager mi orí.
"Ẹ wò ó," ni Torkild wí, "kò wo ojú obìnrin náà.
Ife ló ń wò."

Gudrun rọra bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀.
"Orúkọ ta ni?"
Atẹ́gùn ń ti fèrèsé. Kọfí mi ti tutù.
"Laust," ó ní. "Wàrà ló máa ń fi sí i.
Wàrà nìkan."

Solvej tú wáyà tó ti ká.