Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kíláàsì, wọ́n pín ìwé ìbéèrè fún wa
nínú gbọ̀ngàn kan ní Akọ́ká
tí fáànù rẹ̀ ń yí bí ẹni tó ń ronú gbèsè.
Ìkẹtàdínlógún: "Ǹjẹ́ o ní in lọ́kàn láti dá òwò tìrẹ sílẹ̀?"
Mo sàmì sí "Rárá". N ò ṣẹ́jú.
Ọmọ atẹ̀wé Ṣómólú ni mí.
Yíǹkì ò kúrò léèékánná bàbá mi rí;
owó ló ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.
Iṣẹ́ báńkì ni mo fẹ́, èyí tí owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù,
òjò ìbáà rọ̀, iná ìbáà lọ.

Dókítà Ṣóyọmbọ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń po ọṣẹ olómi.
Àríyíkẹ́ ta tirẹ̀, ìgò méjìlélógún láàárín ọjọ́ mẹ́ta.
Tèmi dì bí ògì àná. Mo fi fọ ìkòkò.
Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, mo bá wọn pa á.
Ọkàn mi ò yí padà.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni nǹkan ṣẹlẹ̀, nǹkan kékeré.
Ó ní, "Ẹ lọ wá ìwé ìṣirò ẹnì kan tó ń ṣòwò.
Ẹ kà á. Ẹ má dá a lẹ́jọ́."
Mo fa ti bàbá mi yọ lábẹ́ àpótí bébà,
epo ti rin ín, aáyán ti jẹ etí rẹ̀.
Ìwé ètò ìsìnkú, igba:
owó bébà, owó yíǹkì, owó jẹnẹrétọ̀, owó ọlọ́kadà.
Mo wá a, mo wá a, mo tú u dé ọdún tí wọ́n bí mi:
kò síbi tó ti kọ owó ara rẹ̀.
Ogún ọdún, kò sanwó iṣẹ́ fún ara rẹ̀ rí.
Ohun tó bá ṣẹ́kù ló ń pè ní èrè.

Èmi tí mo ti ń sọ pé òwò ló pa á láyò!
Ìlà kan ṣoṣo ni kò sí nínú ìwé.

Mo bi í lálẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀:
"Owó tèmi kẹ̀? Ta ló ń sanwó fún ọlọ́jà nínú ọjà ara rẹ̀?"
Mo mú bírò. Mo fa ìlà náà.

Nígbà tí sáà parí, wọ́n tún pín ìwé ìbéèrè yẹn.
Àríyíkẹ́ ò kà á tán tó fi sàmì sí "Bẹ́ẹ̀ ni".
Mo pẹ́ lórí ìkẹtàdínlógún.
"Rárá" ti fún mi lọ́rùn,
"Bẹ́ẹ̀ ni" ṣì tóbi jù mí lọ.
Mo wá kọ ọ́ sétí ìwé, níbi tí wọn ò ní kà:
"Ẹ bi mí lẹ́yìn tí bàbá mi bá gba
owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́."