Ìró Ìkòkò

Òru ti jìn. Jẹnẹrétọ̀ ọsibítù ń kùn
bí ẹni tí eyín ń dùn.
Mo tẹ ojú mọ́ awò;
ẹ̀jẹ̀ Mulikátù Àjọkẹ́ wà lórí ègé dígí,
mò ń kà á.

Àtàǹpàkò fún àwọn tí ń sáré lọ síbi iná,
ìfábẹ̀lá fún àwọn tí kì í gbàgbé ojú ọ̀tá.
Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, mo dúró.
Asáré-síná: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.
Akì-í-gbàgbé: méjìlá péré.
Mẹ́rin yòókù, èrò ọ̀nà.

Méje sí ọ̀kan.
Ara yìí ń jó láti inú.
Tílẹ̀ bá mọ́, Dókítà Àjíbọ́yè
yóò so méje mọ́ purotéènì tó ń fà sẹ́yìn,
yóò sọ ọ́ di máàkì,
máàkì yóò sì di iye oṣù.

Lánàá ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá láti Òkèlele,
ẹyinjú rẹ̀ ti di ìyeyè tó pọ́n já bọ́.
Jẹjẹrẹ ló jókòó sójú ọ̀nà òróòro,
tí òróòro fi ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀jẹ̀,
tí ara fi ń yún un.
Ṣùkù àgbàdo tó fi ń fín ìkòkò ló fi ń họ ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ìwọ lo ń ka ẹ̀jẹ̀?
Àwa náà ń kà. Bí ìkòkò bá ti inú iná jáde,
a ó fi ìka kàn án.
Èyí tó yè á ké gooro bí agogo.
Èyí tó sán nínú á dún kó, bí igi."
Ó rẹ́rìn-ín, ó tún họ apá.
"Ọ̀kan wà nílé mi tó dún kó
lọ́dún tí mo gba ọmú lẹ́nu Jímọ̀ọ́.
Jímọ̀ọ́ ti bímọ mẹ́ta.
Inú ẹ̀ la ṣì ń pọn omi sí."

Ó kù díẹ̀ kó jáde ló tún yí padà:
"Ogójì ìkòkò mi ò tíì rí iná.
Mo fẹ́ dúró de ọyẹ́, kí wọ́n gbẹ dénú.
Kí lo rí sí i?"
Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka ẹ̀jẹ̀ ná.

Orí ẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ti fa ìṣirò yìí yọ,
ìlú tí mi ò dé rí lọ̀pọ̀ wọn ń gbé,
kò sí Àjọkẹ́ kankan níbẹ̀.
Mo tún un kà. Méje náà ni.
Bírò ò yọ íńkì dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù.

Ọyẹ́ ku oṣù mẹ́jọ.
Ìyá, ẹ kó igi jọ.
Ẹ sun wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.