Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Mi

Lẹ́ẹ̀mẹta ni Bísírù ti yá ẹ́ńjìnì mi lọ sí Ẹ̀jìnrìn,
lẹ́ẹ̀mẹta ló dá a padà, tí kò sí ẹ̀kán bẹntiróòlù kan nínú rẹ̀.
Àjẹ̀ ni mo fi ń tu ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́.
"Kò tọ́pẹ́," ni mo máa ń wí.
Irọ́ ni.
Ó tọ́pẹ́. Ó tó ìjà pàápàá.

Lónìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán,
ó tún dé, ó nawọ́.
Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun bí eegun ẹja.
Mo wúkọ́.
"Rárá, Bísírù."

Ó pòṣé. Ó ní n ò mọ ẹbí mọ́.
Bóyá kò ní kí mi títí di Iléyá.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n
bí mo ṣe ń so ẹ́ńjìnì mọ́dìí ọkọ̀,
ṣùgbọ́n ó so.