Kóòtù Tí Kì í Ṣe Búlúù

Ọmọ kan wà tó máa ń wọ kóòtù búlúù.
Kì í ṣe búlúù. Mo pa àwọ̀ rẹ̀ dà
kí ẹ má baà dá a mọ̀ lójú ọ̀nà Townhill,
kí ẹ má baà na ìka sí i pé, "Òun nìyẹn."
Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀.
Orúkọ rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin lẹ́yìn yàrá ìdáná;
kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn Rhiannon, ọ̀gá wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ọ̀sán tó pọ́n,
a ń fi amọ̀ aláwọ̀ ewé mọ ejò,
ó sọ̀rọ̀ kan sí mi láìgbójú sókè.
Gbólóhùn kan péré, kò gùn ju okùn bàtà rẹ̀ lọ.
N kò ní sọ ọ́ fún yín.
Mo sọ ọ́ fún Rhiannon kí ọmọ náà tó jẹun ọ̀sán.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an,
n kò fi iyọ̀ sí i, n kò bu omi là á,
mo kọ déètì, mo buwọ́ lù ú.
Nítorí àṣírí mìíràn wà, bí o bá bò ó,
ọmọ lo bò mọ́lẹ̀.
Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́. Mo pa ẹnu mi dé.

Nínú bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́, òjò ń lá gíláàsì,
Arábìnrin Jọláadé jókòó tì mí,
àpò Tesco lórí itan rẹ̀.
"Ìyá ọmọ yẹn ò wá sí ìsìn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, àbí?
Ìwọ lo ń bá a tọ́jú ọmọ, o ò lè ṣe kí o má mọ̀.
Kí n lè fi í sínú àdúrà ni."

Àdúrà! Àdúrà tí etí rẹ̀ gùn tó báyìí!
Ahọ́n mi ń yí lẹ́nu bí ọmọ tí kò fẹ́ sùn.
Mo wo òkun lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní, "Òjò yìí pọ̀ o, mà."
Ó ní, "Ọmọ ìyá kan náà kúkú ni gbogbo wa níbí."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Gbogbo aṣọ kọ́ là á sá sóòrùn."
Ó yọjú wo fèrèsé: oòrùn wo, ní Swansea?
A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ tètè tán.
Lọ́jọ́ Àìkú, ó kí gbogbo orí ìlà wa, ó fò mí.

Nílé, mo ń ká aṣọ ìbùsùn ọmọ tèmi
(òun náà, ẹ má bi mí ní orúkọ),
ó tún ti tutù.
Obìnrin kan wà níléèwé rẹ̀ tó mọ̀,
tó ń bá a pààrọ̀ ṣòkòtò láìpariwo,
tó ń di èyí tó tutù sínú ọ̀rá, tó ń kì í sísàlẹ̀ báàgì,
lábẹ́ ìwé, níbi tí ọmọ ẹlòmíì kò ní rí i.
Odindi ọdún kan. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.
N kò mọ ilé rẹ̀, n kò mọ ìjọ tó ń lọ.
Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nínú bọ́ọ̀sì kan, níbì kan,
ó ń wo ìta, ó ń sọ fún ẹnìkan
pé òjò yìí mà pọ̀ o.