Ẹ̀kán Omi Kan ní Fonte Cova

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí iná kú,
a gun òkè Fonte Cova, èmi àti Deolinda.
Bàtà wa ń rì sínú eérú
bí ẹni ń tẹ èlùbọ́ mọ́lẹ̀.
Ní Potogí níhìn-ín, oṣù kẹjọ ni iná máa ń ṣọdún;
lọ́tẹ̀ yìí, kò fi páínì kan sílẹ̀ láàyè ṣe ẹlẹ́rìí.

Deolinda kúnlẹ̀. Ó gbá eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó fa ìgò kékeré yọ nínú àpò,
irú èyí tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú ọmọdé.
Ó kán omi kan ṣoṣo sórí ilẹ̀.
"Máa kà," ló wí.

Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Omi náà jókòó ribiti
bí ẹni tó wà lórí ewé kókò,
ó ń dán, ó ń wo ojú ọ̀run, kò lọ síbì kankan.
Mo ka ọgọ́ta. Mo ka ọgọ́fà.
Nígbà tí mo ka igba, mo dákẹ́.

Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu.
Ekòló ti jóná. Ta ni yóò júbà?
Ọ̀rá ewé páínì tó yọ́ nínú iná
ti wọnú iyẹ̀pẹ̀, ó dì í lẹ́nu pinpin.
Bí òjò oṣù kẹwàá bá bá a báyìí,
yóò sáré sọ̀kalẹ̀ ni,
yóò sì kó ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún dání lọ sódò.

Adérito tó ni òkè dúró nísàlẹ̀, fìlà lọ́wọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́ àwọn páínì yẹn.
"Ẹ jẹ́ kí katakata gòkè wá tú u," ó wí,
"kí n gbin yukalípítù.
Ọdún mẹ́wàá péré, owó dé.
Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin,
ta ni yóò dúró de óákù?"

Deolinda kò tètè dá a lóhùn.
Bàbá òun náà ta ilẹ̀ tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ pépà.
"Fún mi ní apá àríwá," ó wí.
"Bí mo bá kùnà, kí katakata máa bọ̀."

Kò sí ìyanu kankan nínú iṣẹ́ tá a ṣe.
A gé igi tó jóná, a fi dábùú òkè,
a kan èèkàn tì í lẹ́yìn kó má yí.
A fọ́n koríko ọkà gbígbẹ, ìdì lẹ́yìn ìdì,
bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún aláìsàn.
Ọwọ́ mi bó.
Adérito ń wò wá lójú fèrèsé, ó ń mi orí.

Òjò dé lóru. Odò abúlé dúdú bí aró,
ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn láti apá tiwa mọ́ díẹ̀.
Díẹ̀ ni mo wí. Mi ò ní purọ́.

Ní oṣù kẹta, gbòǹgbò óákù tí ẹnikẹ́ni kò rántí,
tí páínì ti bò mọ́lẹ̀ láti ayé bàbá Adérito,
ta èhù pupa.
Ẹyẹ aláriwo kan, aláwọ̀ búlúù létí ìyẹ́,
ń ri èso óákù mọ́lẹ̀ bí ahun tó ń fowó pamọ́,
ó sì ń gbàgbé ibi tó rì wọ́n sí.
Ìgbàgbé rẹ̀ ń di igbó.
Nínú ogójì tá a kà, mẹ́tàlélógún kú nínú ooru.
Lábẹ́ koríko tó ti ń jẹrà,
òwú funfun olú ń nà láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò.

Ọdún kẹta, Adérito gòkè wá fúnra rẹ̀.
Kò kí wa. Ó na ọwọ́: "Ìgò yẹn dà?"
Eékún rẹ̀ ró kó tó kanlẹ̀.
Ó kán omi. Ètè rẹ̀ ń mì, kò gbóhùn jáde.
Kò ka ju ẹ̀sán lọ.
Ilẹ̀ lanu.

Kò sọ nǹkan kan nípa katakata.
Ó fi eékún wọ́ síwájú díẹ̀,
ó tún kán òmíràn.