Etí Tó Wà Nínú Síkúrù

Mererid fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé, òjò Port Talbot ń kán ní irun rẹ̀,
ó gbé gìtá báàsì bàbá rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà mú.
"Idwal, okùn tó tín-ín-rín jù ń jágbe mọ́ mi.
Èyí tó nípọn jù ń kùn lábẹ́lẹ̀
bí àgbà tí wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìn.
Sátidé la máa ta á ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bá mi tún un ṣe."

Mo pa rédíò. Mo gbé kọ́ọ̀pù tíì kúrò lórí tábìlì.
Mo fi àtàńpàkò ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú:
gbùùù,
dùùn,
doon,
pẹ́ẹ́n!
Òótọ́ ni. Àbíkẹ́yìn ló ń pàṣẹ nílé yìí.

Ẹ má rò pé kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ni mò ń wá.
Ìka ò dọ́gba, a sì ń fi wọ́n jẹun.
Kí ẹnì kan ṣáà má ti ẹnì kejì sódò ni.
Okùn tín-ín-rín, irin ara rẹ̀ kò pọ̀,
mo máa ń sún òòfà mọ́ ọn díẹ̀ kó lè gbóhùn rẹ̀.
Okùn ńlá ń fẹ́ àyè. Bí òòfà bá sún mọ́ ọn jù,
á dì í lápá mú, kò ní lè mì tẹ́rùn,
ohùn rẹ̀ á wá máa gbọ̀n bí ti ẹlẹ́rìí èké.
Ìnípọn owó pẹ́nì kan péré ló wà láàárín ìjà àti ìrẹ́pọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí! Àpótí òòfà náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di ẹrù rẹ̀ lódì.
Mo tú u. Lábẹ́ ìhà okùn tín-ín-rín
mo bá tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó ti pọ́n bí omi tíì: bọ́ọ̀sì ẹnu géètì iléeṣẹ́ irin.

"Ta ló fi èyí síbí?"
"Bàbá mi ni. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan síkúrù yẹn."
"Ọdún mélòó ni Elwyn lò nídìí ìléru?"
"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."
"Ó ń fi nǹkan dí etí?"
Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Òwú. Bó bá rántí."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá.
Irin ti jẹ gbogbo ohùn òkè tán létí ọkùnrin náà,
agogo ẹnu ọ̀nà, ẹyẹ, kẹ́tùlù tó ń súfèé lórí iná.
Lọ́dọọdún ni okùn kẹrin ń sá fún un,
lọ́dọọdún ló ń yí síkúrù, díẹ̀, díẹ̀,
tó ń fà á padà.
Gìtá yìí kò ṣe ségesège rárá.
Ó dọ́gba geerege
ní etí kan tó ti wà lábẹ́ koríko báyìí.

"Ohùn mi náà tín-ín-rín ní kékeré," Mererid wí,
òjò ló ń bá sọ̀rọ̀ ju èmi lọ.
"Bí mo bá pè é, kì í dáhùn. Mo rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni."

N kò mọ èsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ síkúrù ni mo kọ́.
Mo fi sikudíráfà lé e lọ́wọ́.
Ó yí i, ó ta okùn, ó tẹ́tí; ó yí i, ó ta okùn,
títí pẹ́ẹ́n yẹn fi rọ̀, tó di pẹẹn,
tí gbùùù náà gbórí sókè, tí pákó ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà wa.
Ó ku ìdajì yíyí kan. Ó dúró.
"Ó ṣì ga díẹ̀," mo ní.
"Mo mọ̀."
Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì sápò, ó san pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jáde sínú òjò.

Ní Sátidé, mo jókòó lẹ́yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà.
Gbogbo ìgbà tó bá kan okùn kẹrin,
onílù wọn á yíjú wò ó.
Kò dá a lóhùn.